Ìlà Funfun Lára Bóòtù

Ogiwara Tsuneo kì í gbé orí sókè títí ọkọ̀ oníbàárà yóò fi yà ní kọ̀rọ̀. Bí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣe é ní ìlú Mishima ní Japan nìyẹn. Bí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá bá ń gbé e lọ, o óò dúró sẹ́bàá títì, o óò tẹ̀ríba, o kò ní nàró títí ìdí ọkọ̀ náà yóò fi kúrò lójú. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, nínú oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́ Fairlady Z ọdún 1972, aláwọ̀ ọsàn, onímú gígùn. Zetto ni gbogbo ará ibẹ̀ ń pè é. Namiki, tíṣà sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama, ló wà nídìí sítíárì. Yurie ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbàkigbà.

Ọjọ́ ńlá lọjọ́ náà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Namiki ti ra ọkọ̀ yìí, Yurie kò sì fi ìdí kan àga inú rẹ̀ rí. Orogún ló ń pè é. Ó ní àwọn obìnrin mìíràn mọ ilé àlè tí ọkọ wọn ń lọ, tòun, abẹ́ irin ló ń sùn sí. Kó tó wọlé láàárọ̀ yẹn, ó kọ́kọ́ yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá kọjú sí Ogiwara.

“Ọ̀gá, orogún mi yìí, ṣé kò ní dójú tì mí lójú ọ̀nà báyìí?”

“Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí bóòtù kan lára ẹ̀ tí ọwọ́ mi ò kàn.”

“Ṣó o gbọ́?” Namiki sọ fún un. “Ọ̀gá ti búra.”

“Ọ̀gá ló búra, ìwọ kọ́. Tó bá dákú lórí òkè, ìwọ lo máa tì í. Èmi á jókòó, màá máa jẹ ìrẹsì mi.”

Wọ́n fẹ́ gun òkè Hakone, kí wọ́n gba ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Skyline já sí Itō létí òkun, kí wọ́n jẹ ẹja níbẹ̀, kí wọ́n sì padà nírọ̀lẹ́. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ lórí kọ̀rọ̀ ni, àfonífojì sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ibùsọ̀.

Ogiwara pàápàá ti jìyà ọkọ̀ yìí. Òun àti Namiki ni wọ́n jọ lọ wò ó ní Niigata, nínú abà àgbẹ̀ onírẹsì kan tó ti fi í sílẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ìfẹ́ ti fọ́ Namiki lójú lọ́jọ́ náà. Ogiwara ló yọ mágínẹ́ẹ̀tì tó fi aṣọ wé láti inú àpò, tó ń fi í lé ara ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́, irin ni. Nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì, ṣe ló já bọ́ sílẹ̀. “Pọ́tì lèyí o,” ló sọ sí Namiki létí, “pọ́tì tí wọ́n fi dí ojú ìpẹtà, tí wọ́n kùn lọ́dà, lẹ fẹ́ rà.” Namiki rà á náà. Odindi ọdún méjì àbọ̀ ni Ogiwara fi gé ìpẹtà, tó fi rọ irin tuntun sí i, tó fi ń pe àwọn àgbà mẹkáníìkì káàkiri nítorí pátì tí ilé iṣẹ́ ti jáwọ́ nínú rẹ̀ kí Namiki tó mọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù padà, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọmọ fọ́kọ. Ó mú ìgbálẹ̀. Ó ń gbá ibi tí Zetto ti wà bọ̀ láti ẹ̀yìn, nígbà tó sì dé ibi tí taya òsì iwájú máa ń wà, ìgbálẹ̀ yí nǹkan kan síta. Bírò ọ̀dà funfun rẹ̀ ni, tí ìdérí kò sí lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Kò tíì nàró tán tí àyà rẹ̀ fi já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bírò yìí ń ṣe. Nínú iṣẹ́ wọn, bí o bá ń fún bóòtù tó ṣe pàtàkì, sípánà oníwọ̀n lo fi ń fún un, èyí tó ń ké “kàtì” nígbà tó bá tó. Lẹ́yìn “kàtì” yẹn, o óò fa ìlà funfun kan láti orí bóòtù dé ara irin tó wọ̀. Ìlà yẹn ni ẹ̀rí. Bí bóòtù bá yí lọ́jọ́ iwájú, ìlà á já sí méjì, ojú á sì rí i. Nítorí náà, èèyàn kì í fa ìlà kó tó fún bóòtù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ogiwara nígbà tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Numazu, lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó ń jẹ́ Tokunaga. Ó fa ìlà sí bóòtù bíréèkì kan ṣáájú, ó ní òun á fún un bí òun bá jẹun tán. Tokunaga rí i. Kò nà án, kò bú u. Ó mú un lọ síwájú ẹni tó ni ọkọ̀, ó fi ìka méjì péré tú bóòtù náà, ó sì fi í lé ẹni náà lọ́wọ́. Ogiwara ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin báyìí, ojú ṣì ń tì í bó bá rántí.

Ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọjọ́ Ẹtì wò nínú orí rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti yege àyẹ̀wò ìjọba láti Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n rọ́bà kan tó ti ń retí fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Ọjọ́bọ̀, kì í sì í ṣe irú ẹni tó ń sọ pé kó di ìgbà míì. Nítorí rọ́bà yìí ló ṣe tú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Níbẹ̀ ni irin kan wà tí wọ́n ń pè ní apá sítíárì, tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà lọ sọ fún taya. Bóòtù méjì ló dì í mú lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Bí méjì wọ̀nyí bá tú, dírẹ́bà lè yí sítíárì títí ilẹ̀ á fi mọ́, taya kò ní gbọ́.

Ó rántí apá ọ̀tún dáadáa: ó fún méjèèjì, sípánà ké, ó mú bírò. Ọ̀dà ti fẹ́ gbẹ nínú bírò yẹn. Ó mì í, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù títí, kó tó sun jáde. Ó fa ìlà apá ọ̀tún. Bó ti wá ń sun dáadáa yẹn, ó kọjá sí apá òsì, níbi tó ti fi ọwọ́ lásán yí bóòtù méjèèjì wọlé, ó sì fa ìlà sí àwọn yẹn náà kí ọ̀dà má baà tún gbẹ. Àbí kò fà á? Ó dà bíi pé ó fà á. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Shirai aládùúgbò wọlé pẹ̀lú pátákó ìkéde àdúgbò, èyí tí ilé kan ń tẹ òǹtẹ̀ sí kó tó gbé e fún ilé kejì. Bàbá náà ní wọ́n fẹ́ ro etí odò lọ́jọ́ Àìkú, pé kí oníkálùkù mú dòjé wá. Láti orí dòjé ló ti bọ́ sórí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ìdajì wákàtí ló lò.

Kí ló ṣe lẹ́yìn tí bàbá lọ? Ó rántí pé òun gbé taya sí i. Ó rántí pé òun rí ìlà funfun náà kó tó gbé taya sí i, pé ó gún régé, pé ó tiẹ̀ wu òun. Ṣùgbọ́n ìlà tó gún régé lè jẹ́ iṣẹ́ tó pé, ó sì lè jẹ́ bóòtù tí ìka méjì lè tú. “Kàtì” apá òsì ló ń wá nínú orí rẹ̀, kò sì rí i. Ó lọ wo sípánà oníwọ̀n lára ògiri. Nọ́ńbà nọ́ọ̀tì taya ló wà lórí rẹ̀, èyí tó lò láàárọ̀ nígbà tó sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ lórí jáàkì. Sípánà kò ní ẹ̀rí kankan láti jẹ́.

Ó pe Namiki. Fóònù dún títí, ohùn obìnrin kan sì ní kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ogiwara pa á láìfi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀.

Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀: orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rò kó tó ro Yurie. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ní agbègbè yẹn tó ogójì, kò sì sí ohun tí ọ̀kan mọ̀ láàárọ̀ tí ogójì kò ní gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹyin lohùn. Bó bá wí pé “kò dá mi lójú bóyá mo fún bóòtù yín,” ó ti fọ́ nìyẹn, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ fún un? Ó dúró níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, tó ń fi orúkọ wé ẹ̀mí èèyàn bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́. Nígbà tó wá rí ohun tó ń ṣe, ara rẹ̀ rí i lára. Ó tún pè, ó sì bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Namiki, Ogiwara ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ má wà á mọ́. Mò ń bọ̀.”

Ó ń ju jáàkì, sípánà oníwọ̀n àti bóòtù tuntun méjì sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ nígbà tí Mitsuyo ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Orí ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ń gbé. Ó mú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

“Bàbá, ọbẹ̀ ti ń tutù o.”

“Mò ń bọ̀. Pátì kan ni mo fẹ́ lọ gbà.”

“Lọ́jọ́ Sátidé?”

“Lọ́jọ́ Sátidé.”

“Jáàkì lẹ fẹ́ fi gba pátì?” Ó sún mọ́ ọn. “Ojú yín ti funfun báyìí. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí nǹkan. Jẹ́ n lọ.”

Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. “Ṣé ọ̀rọ̀ Zetto yẹn ni?”

“Kí ló kàn ọ́ nínú Zetto?” Ogiwara jágbe mọ́ ọn. Kì í jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀. “Lọ gbé ọbẹ̀ rẹ kaná!”

Mitsuyo yanu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó wo ojú rẹ̀, ó pa ẹnu náà dé, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù náà kò ju ti alùpùpù lọ. Ní títì tó tẹ́jú, ó ń sáré níwọ̀n. Nígbà tí òkè Hakone bẹ̀rẹ̀, ó di ẹni tó ń mí hẹlẹ. Ogiwara tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ọkọ̀ náà tó fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń bẹ ọkọ̀ náà, ó ń bú u, ó tún ń bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni pé ó mọ bí yóò ṣe ṣẹlẹ̀. Bóòtù bẹ́ẹ̀ kì í já lójijì. Á máa yí díẹ̀díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Sítíárì á kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tuntun á fura, á dúró. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ àtijọ́ a máa dárí ji ọkọ̀ rẹ̀ ju bó ti ń dárí ji ìyàwó lọ. Bó bá ń gbọ̀n, á ní àgbà ni. Bó bá ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní títì ni kò dára. Namiki á máa rẹ́rìn-ín, á máa sọ fún Yurie pé bí ọkọ̀ ìgbà náà ṣe rí nìyẹn, títí wọn yóò fi dé kọ̀rọ̀ kan tí taya kò ní gbọ́ mọ́.

Ó ti gùn ún dé ìdajì nígbà tí áńbúláǹsì kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, iná rẹ̀ ń kọ mànà, ó ń ké. Ogiwara yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbìyànjú láti wo inú rẹ̀ bó ti ń kọjá, aṣọ funfun nìkan ló rí lójú fèrèsé. Ó tún pe Namiki. Fóònù dún, ó dún, ohùn obìnrin náà tún sọ̀rọ̀. Ó fi orí lé sítíárì. Kò rántí àdúrà kankan tó gún, ó kàn ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́,” kò sì mọ ẹni tó ń bẹ̀.

Ní géètì tí wọ́n ti ń gbowó ọ̀nà Skyline, ó nawọ́ owó fún obìnrin tó wà nínú ilé kékeré náà, ẹyọ owó yẹ́ẹ̀nì kan sì já bọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Zetto kan kọjá níbí? Aláwọ̀ ọsàn?”

“Èyí tó ń pariwo yẹn? Ó kọjá. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú.”

“Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?”

“Kí ni ì bá ṣe é?” Obìnrin náà wò ó. “Ìyàwó ló tiẹ̀ wà á. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.”

Yurie ló ń wà á! Yurie tí kò fọwọ́ kan ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ le bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ogiwara gbàgbé láti gba ìwé owó rẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo kọ̀rọ̀ ló ń kà. Bó bá ti yà, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sára irin ẹ̀bá títì, bóyá ó ti ya. Ó rí ìlà taya dúdú kan tó wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ bíréèkì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀. Ìlà àtijọ́ ni, koríko ti hù létí rẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀. Kò sí ìgbà tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí tó láàárọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbà tó kórìíra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ibi ìsinmi kejì, tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró wo òkè Fuji, ó rí àwọ̀ ọsàn náà. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Namiki àti Yurie jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ ìrẹsì dídì. Omi bọ́ lójú Ogiwara kó tó pa ẹ́ńjìnnì.

“Háà, ọ̀gá!” Namiki dìde. “Ẹ̀yin náà wá gbatẹ́gùn ni?”

“Ọ̀gá, ẹ wá wo ayé,” Yurie ní, ẹnu rẹ̀ kún fún ìrẹsì. “Èmi àti orogún mi ti parí ìjà. Mo wà á láti ìsàlẹ̀ géètì. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ọgọ́rin, ọkọ mi fẹ́ẹ̀ kú!”

“Sítíárì ẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lónìí, ọ̀gá,” Namiki fi kún un. “Iṣẹ́ yín dáa.”

Ogiwara dúró níwájú wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan, ó tẹ̀ríba jìnnà.

“Mo pè yín, ẹ ò gbé e.”

“Fóònù mi wà nínú báàgì lẹ́yìn. Ta ló lè gbọ́ fóònù nínú ariwo yẹn? Kí ló dé?”

“Bóòtù apá sítíárì, lápá òsì. Kò dá mi lójú pé mo fún un. Mo rò pé mo fa ìlà sí i láìfún un. Ẹ forí jì mí.”

Namiki mọ ohun tí apá sítíárì jẹ́. Ogiwara rí i bí ẹ̀jẹ̀ ṣe fà kúrò lójú rẹ̀. Yurie kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì gbé ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lórí ìwé.

“Mo tẹ̀ ẹ́ dé ọgọ́rin,” ló tún wí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ogiwara gbé jáàkì wá. Ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fa taya òsì kúrò. Ó dùbúlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ìlà funfun náà nìyẹn, lórí bóòtù méjèèjì. Kò gún. Ó ti já sí méjì: ìdajì tó wà lórí bóòtù ti yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìdajì tó wà lára irin sílẹ̀.

Ó ti ń tú, ló kọ́kọ́ rò. Ó fi sípánà oníwọ̀n lé e, ó fà á díẹ̀. Kàtì! Ó bọ́ sórí èkejì. Kàtì! Bóòtù náà le digbí. Ọ̀nà tó máa ń gbà le ni ìlà náà yí sí. Òótọ́ ni pé ó fa ìlà ṣáájú. Òótọ́ sì ni pé ẹnìkan fún un lẹ́yìn náà. Ìgbà náà ló sún tọ́ọ̀ṣì, tó rí ìlà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun náà, tíńtín, aláwọ̀ ìyeyè, tó gún régé láti orí bóòtù dé ara irin.

Ogiwara kò ní ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè. Láwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ẹni tó fún bóòtù ló ń fa funfun, ẹni tó tẹ̀ lé e láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ló ń fa ìyeyè. Mitsuyo sì lo ọdún mọ́kànlélógún nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ omi ní Numazu, níbi tó ti ń tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin lẹ́yìn tó ń fa ìyeyè. Bó ṣe máa ń gé ìparí ìlà rẹ̀ ṣóńṣó yẹn, Ogiwara mọ̀ ọ́n bó ti mọ ohùn rẹ̀.

“Ó le?” Namiki bèèrè láti òkè.

“Ó le.”

“Ẹ ṣáà ti fún un nígbà náà. Ẹ kàn gbàgbé ni.”

Ọ̀nà là fún un láti sá gbà. Ó pa tọ́ọ̀ṣì, ó jáde lábẹ́ ọkọ̀.

“Èmi kọ́ ni mo fún un,” ló wí. “Ìyàwó mi ni.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Namiki kò bú u. Ì bá tiẹ̀ bú u. Ṣe ló gbé taya fúnra rẹ̀, ó gbé e sí àyè rẹ̀, ó sì gba sípánà lọ́wọ́ Ogiwara. Ó fún nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yí po, ó tún fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ogiwara dúró tì í, ó ń wò ó. Láti ìgbà tó ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kò sí oníbàárà tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lójú rẹ̀ rí.

Yurie ló gbé omi tíì wá fún un nínú ìdérí fíláàsì. “Ẹ pè é,” ló rọra wí. “Ẹ pe ìyàwó yín.”

Ó rìn lọ sí etí ibi ìsinmi náà. Fóònù kò dún lẹ́ẹ̀mejì tí Mitsuyo fi gbé e.

“Bàbá? Níbo lẹ wà?”

“Orí òkè. Mo bá wọn. Wọ́n wà láàyè.”

“Wọ́n máa wà láàyè, kí ni ì bá ṣe wọ́n? Mo ti tú taya, mo sì ti fún un lálẹ́ àná.”

“Mo rí i.”

“Ìgbà tẹ́ ẹ bá wọ balùwẹ̀ ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀,” ni Mitsuyo wí. “Ẹ máa ń pẹ́ nínú omi.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti oṣù Kọkànlá. Láti ìgbà tẹ́ ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ oníbàárà sínú fíríìjì, tẹ́ ẹ sì ní èmi ni mo gbé e síbẹ̀.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ̀yin ò sọ fún mi láàárọ̀? Mo di ilẹ̀kùn yẹn mú, Bàbá. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ ní kí n lọ gbé ọbẹ̀ kaná.”

Gbogbo ọ̀nà tó gbà gòkè yẹn, gbogbo kọ̀rọ̀, áńbúláǹsì, gbólóhùn kan péré sí ìyàwó rẹ̀ ì bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì mọ̀ pé òun kò tíì bèèrè rẹ̀.

“Mitsuyo, mélòó lo ti bá?”

“Ẹ máa bọ̀ nílé ná.”

“Mélòó?”

“Èyí ló ṣe ẹ̀kẹta.”

“Àwọn wo ni méjì yòókù?”

“Bíréèkì dókítà Mochida, nínú oṣù Kejì. Àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa yẹn, ti àwọn Segawa.”

Dókítà Mochida, tó kọ ìwé ìdúpẹ́ sí i, tó ní ọkọ̀ òun kò dúró dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Ogiwara ti lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Namiki àti Yurie tí wọ́n ń kó abọ́ wọn, tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó mú fóònù ni ọwọ́ tó ti ń bọ́ ọ láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ó wò ó, kò rí nǹkan tó ṣe é. Inú orí ni nǹkan náà wà, kò sì sí sípánà tó dé ibẹ̀.

“Mitsuyo.”

“Mò ń gbọ́.”

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

Láti ọdún méjìdínlógójì tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní òdì kejì, ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fa àga, tí ó jókòó.

“Ó ti ń bà mí láti oṣù Kọkànlá,” ni Mitsuyo wí.